Ẹ̀yìn Ríro àti Ìtọ́jú Tí A Ń Fi Ọwọ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn sọ fún àwọn tí ó pé jọ sí yàrá ìkàwé

Nígbà tí mo bá yín sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú yàrá yìí, ọ̀rọ̀ omi mímu ni a sọ. Bí ìpàdé náà ti parí, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó fi ọwọ́ ti ìbàdí kí wọ́n tó lè dìde lórí bẹ́ǹṣì lé ní mẹ́wàá, kì í sì í ṣe àgbàlagbà nìkan ni ó wà nínú wọn. Mo sọ fún ara mi pé mo ti rí ọ̀rọ̀ tí ó kàn.

Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ wa tí a kò ti mọ ẹ̀yìn ríro. Ẹni tí ó fi ọkọ́ tí èèkù rẹ̀ kúrú kọ ebè láti òwúrọ̀ di ìyálẹ̀ta mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí ó jókòó ti agbada gàrí mọ̀ ọ́n, ahunṣọ mọ̀ ọ́n, awakọ̀ tí ń gbọ̀n lórí ọ̀nà oníkòtò láti ìdájí mọ̀ ọ́n. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro káàkiri ayé. Èyí ni pé bí a bá kó ènìyàn mẹ́tàlá jọ, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ìyà rẹ̀. Kò sí àìlera mìíràn tí ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ tó o.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, iṣẹ́ ìròyìn ni mo sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti fi ara mi rà á kí n tó lọ bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè. Ní ọjọ́ kan mo ń gbé àpótí ìwé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ni ẹ̀yìn mi bá há. N kò lè nà, n kò lè tẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀ bí igi tí a gé. Gbogbo ẹni tí ó wá kí mi ni ó ní oògùn lẹ́nu. Aládùúgbò kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà tí mo ń fi sínú tíì ni ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, ó sì gbé ìgò àgbo ọ̀pá-ẹ̀yìn kan wá tí òórùn ọtí rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí ọmọ kékeré kan gùn mí lẹ́yìn, kí ó máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí ìbàdí mi. Ní ọjọ́ keje, wọ́n mú ọkùnrin kan wá tí ń to eegun. Ó tẹ ẹ̀yìn mi, ó mi orí, ó ní egungun kan ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ó yí mi ní ìyí kan, a gbọ́ “kọ́ọ̀”, ó ní ó ti wọlé. Ní tòótọ́, ara tù mí ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìrora ti padà dé.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹwàá, ìyàwó mi wá ọkọ̀ tí ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni mo ti bá àwọn tí a ń pè ní físíò pàdé, ìyẹn àwọn oníṣègùn tí ó jẹ́ pé ọwọ́ wọn àti ìdárayá ni wọ́n fi ń tọ́jú egungun, oríkèé àti iṣan. Obìnrin kan tí n kò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni ó tọ́jú mi. Ó pẹ́ tí ó ti ń bi mí ní ìbéèrè kí ó tó fi ọwọ́ kàn mí. Ó fi òòlù kékeré lu orúnkún mi, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n fi ìka ẹsẹ̀ ti ọwọ́ òun. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ dìde, sà, ẹ jẹ́ kí a rìn díẹ̀.” Mo ní, “Mádàámù, ẹ̀yìn tí kò jẹ́ kí n wọ bàtà fúnra mi?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìdùbúlẹ̀ yẹn náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹ lè wọ̀ ọ́, sà.”

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú ní ọjọ́ náà. Òun gan-an ni mo wá sọ fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ti rí. Egungun márùn-ún ni ó to ara wọn lé láti abẹ́ ìhà dé ìdí. Láàárín ọ̀kan àti èkejì ni ìrọ̀rí kan wà, tí kì í jẹ́ kí egungun máa ha egungun. Iṣan ńlá ńlá dì wọ́n mú ní ọ̀tún àti ní òsì, láti àárín wọn sì ni àwọn fọ́nrán tí ń gbé ìmọ̀lára ti ń jáde lọ sí itan, sí ẹsẹ̀ àti sí ibi tí a ń gbà tọ̀. Ohun tí a dì pọ̀ dáadáa báyìí kì í ṣàdédé yẹ̀ nítorí pé ènìyàn tẹ̀ ba láti gbé korobá. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ẹ̀yìn ń ro, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni a kò ní rí egungun tí ó ṣẹ́, tàbí àrùn kan pàtó tí a lè nàka sí. Iṣan ni ó fà, tàbí oríkèé ni ó ń bínú. Bí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a máa fúyẹ́ púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun yòówù tí wọn ìbáà lò. Èyí ni ó mú kí oríṣiríṣi ìgò àgbo gba ìyìn tí kì í ṣe tiwọn.

Àwòrán inú ara pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Àkójọ ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni ogún ọdún tí ẹ̀yìn kò ro rárá, 37 ni ìrọ̀rí ẹ̀yìn wọn ti ń gbó nínú àwòrán. Láàárín àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún tí nǹkan kan kò ṣe ẹ̀yìn wọn, 96 ni. Gbígbó yìí dà bí ewú orí: ọjọ́ orí ni ó sábà ń fi hàn.

Ìró “kọ́ọ̀” yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ìró egungun tí ó padà sí ipò. Omi kan wà nínú oríkèé tí ń mú un yọ̀. Bí a bá fa ojú oríkèé yà lójijì, àyè tí ó kún fún afẹ́fẹ́ yóò là nínú omi náà. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi ẹ̀rọ wo oríkèé ìka nígbà tí ó ń dún, wọ́n sì rí àyè náà bí ó ti ń là. Nígbà tí ọmọdé bá fa ìka rẹ̀ tí ó dún, ta ni nínú wa tí í sọ pé ìka náà ti yẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Bí egungun kò bá yẹ̀, kí ni ọwọ́ wá ń ṣe tí ara fi ń tuni? Ẹ rántí ajá tí ó gbúròó olè lóru. Olè lè ti sá lọ tipẹ́, síbẹ̀ ajá kò ní dákẹ́. Ewé bọ́, ó gbó. Ewúrẹ́ húkọ́, ó gbó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn tí ó ti fara pa ń ṣe. Ibi tí ó dùn ti ń jinná, ṣùgbọ́n fọ́nrán ìmọ̀lára ṣì ń pariwo, iṣan sì le gbagidi láti dáàbò bo ibẹ̀. Ọwọ́ tí ó gbóná, tí ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀, dà bí ọwọ́ olówó ajá tí ń ra á lórí. Ariwo a lọ sílẹ̀, iṣan a dẹ̀, ẹ̀rù a sì dín kù lára ẹni tí ó ni ẹ̀yìn. Ìrànlọ́wọ́ gidi ni, n kò bù ú kù. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Wákàtí díẹ̀ ni nígbà mìíràn, tàbí ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí a bá fi àkókò ìtura náà rìn, tí a fi nà, tí a fi ṣiṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ̀yìn yóò kọ́ ẹ̀kọ́ pé kò sí olè mọ́. Bí a bá fi sùn, a ti fi ṣòfò.

Ọ̀nà tí àwọn físíò ń gbà lo ọwọ́ kì í ṣe ọ̀kan. Ìwọ́ra wà nínú rẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Títẹ̀ sì wà: wọn a gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé ojú egungun kan, wọn a máa tì í díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni tí ń mi ọmọ kí ó lè sùn. Geoffrey Maitland, físíò ará Ọsirélíà tí ó kọ ìwé lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 1964, pín títẹ̀ náà sí ìpele ìpele, láti orí èyí tí ó fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹni tí ìrora rẹ̀ pọ̀ lè fara dà, títí dé èyí tí ó dé òpin ibi tí oríkèé lè lọ. Ẹ̀kẹta ni títì lójijì, tí ó sábà máa ń dún. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ ọ, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ lágbára tó.

A ti dán nǹkan wọ̀nyí wò. Ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, a pín òṣìṣẹ́ ìlú 186 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro sí ọ̀nà mẹ́ta. A ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí àwọn kan ṣe ìdárayá ẹ̀yìn, kí àwọn yòókù máa bá ìgbòkègbodò wọn lọ níwọ̀n bí ìrora bá ti gbà wọ́n láyè. Ní ọdún 1995 ni a tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn tí ń bá ìgbòkègbodò wọn lọ ni ó yá jùlọ, àwọn tí ó dùbúlẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n sì fi dùbúlẹ̀, kì í ṣe mẹ́sàn-án bíi tèmi. Ní Ìlú Ọba, a tẹ àbọ̀ ìwádìí mìíràn jáde ní ọdún 2004, tí a fi ènìyàn 1,334 ṣe. Àwọn tí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ́jú, tí wọ́n sì ṣe ìdárayá tẹ̀ lé e, sàn ju àwọn tí ó gba ìtọ́jú dókítà nìkan lọ ní ìparí oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ọdún kan fi pé, ìyàtọ̀ náà ti kéré, ṣùgbọ́n ó ṣì wà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún ẹ̀yìn ríro tí ó ti pẹ́. Wọ́n fọwọ́ sí ìdárayá, sí ẹ̀kọ́ tí a ń fún aláìsàn nípa ara rẹ̀, sí ìwọ́ra àti ìtọ́jú ọwọ́. Wọn kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì tí a ń dì mọ́ ìbàdí, wọn kò sì fọwọ́ sí kí a máa so ènìyàn mọ́lẹ̀ kí a máa fa ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tún kìlọ̀ nípa àwọn oògùn ìrora líle tí tramadol wà nínú ẹgbẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń gbé e mì kí wọ́n tó lọ ru búlọ́ọ̀kù. Ó ń pa ẹnu ìrora mọ́ títí ara yóò fi bàjẹ́ níkọ̀kọ̀, ó sì ń so ènìyàn mọ́lẹ̀ bí ẹrú.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó mú kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé dípò kí n sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Ẹ̀yìn kan wà tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀.

Ní ìlú kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọkùnrin kan wà tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣubú, kò sì gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, ìrora kò lọ. Ó ń rù, aṣọ rẹ̀ a sì máa rin fún òógùn lóru. Wọ́n fà á, wọ́n yí i, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ilé ìwòsàn ni a ti rí i pé ikọ́ fée, tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti wọ inú egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àyà nìkan ni ikọ́ fée ń gbé, ẹ gbọ́ o: láti ọdún 1779 ni Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀n, ti kọ̀wé nípa ẹ̀yìn tí ó di iké tí ẹsẹ̀ sì rọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wá mọ̀ pé ikọ́ fée ni ó ń fà á. Ọmọkùnrin náà lo oògùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì tún rìn, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ó fi ń rìn. Kò sí ìkà nínú àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọn kò béèrè ìbéèrè ni.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹlòmíràn, kí ó béèrè báyìí. Ǹjẹ́ ibà ń ṣe ọ́, tàbí o ń làágùn lóru? Ǹjẹ́ o ń rù láìmọ ìdí, tàbí ikọ́ ti ń bá ọ jà fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ǹjẹ́ a ti sọ fún ọ rí pé o ní jẹjẹrẹ, ì báà ṣe ti ọmú, ì báà ṣe ti ibòmíràn? Ǹjẹ́ o já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tàbí ọkọ̀ gbá ọ? Ǹjẹ́ ìrora náà a máa le sí i lóru bí o tilẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́? Bí ìdáhùn kan ṣoṣo bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí a gbé ọwọ́ kúrò, kí a kọjú sí ilé ìwòsàn. Bákan náà ni fún ọmọdé tí ẹ̀yìn ń ro, àti fún àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro lẹ́yìn ìṣubú kékeré, nítorí egungun àgbà lè ti fúyẹ́ nínú. Ti ikọ́ fée kò tilẹ̀ mú owó lọ́wọ́: ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù, ojú sì máa ń tini láti bi àgbà. Ǹjẹ́ ìtọ̀ kò jáde mọ́, tàbí ó ń jáde láìmọ̀? Ǹjẹ́ ibi tí a fi ń jókòó àti àárín itan ti kú tipiri bí ibi tí a fún ní abẹ́rẹ́? Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Nǹkan ti fún àwọn fọ́nrán wọ̀nyẹn pa, bí wọ́n bá sì pẹ́ níbẹ̀, wọ́n lè má sàn mọ́ láéláé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ni kí a gbé e lọ bá ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ara ilé lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Kí ẹni náà dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kí a fi ìrọ̀rí pẹlẹbẹ sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Kí a rì aṣọ sínú omi gbígbóná, kí a fún un, kí a dán an wò lára ọwọ́ tiwa kí ó má baà bó o, kí a sì tẹ́ ẹ sí ìbàdí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà kí a fi òrí tàbí àdí pa ọwọ́, kí a máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wọ́ ọ láti ìdí lọ sókè dé ìhà. Ẹran ara tí ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì ni kí a máa wọ́, kì í ṣe egungun tí ó wà láàárín. Ẹni tí a ń wọ́ ni adájọ́. Bí kò bá lè mí dáadáa tàbí kò lè sọ̀rọ̀, agbára ti pọ̀ jù. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí: ẹni tí ó bá ti rí wọn tí wọ́n ń fi òrí wọ́ ọmọ tuntun ti rí ọwọ́ tí mo ń wí.

Ní ti gígun ẹ̀yìn, èmi náà ti gbádùn rẹ̀ rí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ọmọdé kò mọ ibi tí ẹran wà àti ibi tí egungun wà, ọmọ náà a sì tún máa ṣeré. Mo ti fi í sílẹ̀.

Bí a bá ti wọ́ ẹni náà tán, kí ó má ṣe sùn. Kí ó dìde, kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ó padà. Ní ọ̀la kí ó rìn dé ilé kejì.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1956, ní ìlú Wellington ní New Zealand, físíò kan tí ń jẹ́ Robin McKenzie ní kí ọkùnrin kan tí ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ń ro lọ dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. A ti gbé orí bẹ́ẹ̀dì náà sókè nítorí ẹlòmíràn ṣáájú, ọkùnrin náà sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Nígbà tí McKenzie padà dé ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ òun kò ro òun mọ́. Láti ibẹ̀ ni McKenzie ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó fi sọ ìtọ́jú náà di èyí tí aláìsàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. A ó dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A ó fi ìgúnpá gbé àyà sókè. Bí ó bá rọrùn, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀ kí àyà lè gòkè, kí ìbàdí má ṣe kúrò lórí ẹní, a ó sì padà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tó. Bí ìrora tí ó wà ní ẹsẹ̀ bá ń sá bọ̀ sókè sí ẹ̀yìn, àmì rere ni, bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ro díẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọrùn ẹsẹ̀, kí a dáwọ́ dúró. Àwọn àgbàlagbà kan sì wà tí títẹ̀ síwájú ni ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá tẹ̀ wọ́n sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí mo bínú sí ọmọbìnrin yẹn, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yìn mi sàn bẹ́ẹ̀ náà láìsí òun, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n òun ni ó mú mi dìde lórí ẹní, n kò sì gbàgbé. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe tuntun láàárín wa. Igbóbì ní Èkó ni a ti ń fi ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní ọdún 1945, Yunifásítì Ìbàdàn sì ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà láti ọdún 1966. Wọ́n wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Bí ẹ bá ń lọ bá wọn, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan èyí tí ó wà nínú ìgò tí kò ní orúkọ.

Nọ́ọ̀sì wà pẹ̀lú wa nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ti tẹ́ ẹní méjì sílẹ̀ lẹ́yìn àpótí ìwé, ọ̀kan fún àwọn ọkùnrin, ọ̀kan fún àwọn obìnrin lẹ́yìn aṣọ tí a ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń wọ́ ẹ̀yìn àti bí a ti ń gbé àyà sókè, kí ó dúró. Yóò kọ́kọ́ bi yín ní àwọn ìbéèrè tí mo kà, ẹ má ṣe bínú sí i. Mo ti kọ wọ́n sára pátákó tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka wọ́n fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.